Omi Tó Bó Màmá Lẹ́sẹ̀

Òórùn gáàsì tó pò mọ́ òórùn ọ̀dà ògiri tí iná ń yan díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń rántí ilé ọkọ mi ní Broukro, àdúgbò kan ní Bouaké. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ omi gbígbóná kọ́ sí, àpótí funfun kan tó ní ojú kékeré níwájú, tí èèyàn lè tibẹ̀ wo iná búlúù tó ń jó nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí eruku bá ti bo ewé máńgòrò àgbàlá, tí ètè gbogbo wa bá ti là, òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹnìkan ti ṣáájú mi dé balùwẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. N'Gattakro, àdúgbò mìíràn, ni mo ń gbé báyìí, nínú yàrá tí kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún mi nínú rẹ̀, bí mo bá sì fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀, inú ìkòkò ni mo ti ń sè é. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn gáàsì níbikíbi, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó dàgbà ní Bouaké tí kò tíì gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ìyàwó kan wà tó kàwé jù, tí àwọn àgbà ní kó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó sì kọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí rẹ̀ sí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ omi. Omi kò dùn ún sọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni gbogbo àwa ìyàwó ilé ń pè ní Bọ̀dá Àgbà. Mo ń pè é ní “ó” níbí. Nígbà yẹn “wọ́n” ni, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti ń sọ ọ́. Ó ń ta ẹ̀yà alùpùpù ní Commerce, àdúgbò àwọn oníṣòwò, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́kọ́ ta aṣọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ ọjà tà. Ó gbọ́ Júlà, èdè ọjà ibẹ̀, ju ọ̀pọ̀ ọmọ Júlà lọ, ó sì lè bá ará Baulé nájà títí ẹni yẹn á fi lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun lòun jèrè. Àmọ́ nítorí pé ó mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára alùpùpù, ó gbà pé kò sí ohun tí wọ́n fi irin ṣe láyé yìí tí kò yé òun. Bí rédíò bá bàjẹ́, òun ni. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ bá há, òun ni. Nígbà tó bá sì tún un ṣe tán, a ó lọ ra òmíràn.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní kọlẹ́ẹ̀jì kan láàárín ìlú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí n tó fẹ́ àbúrò rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ náà ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò dárí rẹ̀ jì mí rí. “Madáàmù Ìwé” ló ń pè mí níwájú àlejò. Á ní, “Àbúrò mi lọ fẹ́ kálàmù, ó rò pé ìyàwó lòun fẹ́,” gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti kọ́ mi nílé bàbá mi pé bí àna bá dápàárá, èèyàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ọkọ mi ní tirẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú ẹ̀ ni mo fi ń pè é yẹn. Mo ní òmíràn fún un, àmọ́ mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá wọn ni a ń pè ní Màmá. Àtọ̀gbẹ ti bá Màmá jà pẹ́, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ti kú dé ọrùn ẹsẹ̀. Èèyàn lè gún un ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n má tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn láràárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n gbé e lé mi lórí. Màmá ló yàn mí. Ìyálé mi, ìyẹn ìyàwó Bọ̀dá Àgbà, ló yẹ kó máa ṣe é, àmọ́ Màmá ní ọwọ́ rẹ̀ ti le jù, pé ó ń bó ara àwọn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Nínú balùwẹ̀ yẹn, Màmá máa ń sọ ìtàn ìgbà tí wọ́n dé Bouaké ní ìyàwó tuntun, tí wọn kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń fi ìka ra ata. Mo máa ń rò pé tèmi ni Màmá. Ohun tí èèyàn ń rò pọ̀.

Nítorí Màmá ni Bọ̀dá Àgbà ṣe ra ẹ̀rọ omi gbígbóná, tàbí kí n sọ pé orúkọ Màmá ló fi rà á. Ọdún yẹn, ọyẹ́ mú gan-an, ìkòkò omi tí à ń gbé kaná láràárọ̀ kò sì tó gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ògiri, ó pe èèyàn bí ẹni tó bímọ. Àáfà ṣe àdúrà sí i. Ó fa àwọn àlejò lọ́wọ́ lọ sí ọ̀nà tóóró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò gba èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ìka han wọ́n bí omi ṣe ń bá páìpù wọlé láti ìsàlẹ̀, bí gáàsì ṣe ń wá láti inú bútéèlì, bí iná ṣe máa ń ràn fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ṣí róbínẹ̀ ní balùwẹ̀. Ìyẹn náà ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ó tó fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Inú gbogbo wa dùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Omi náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ara Màmá ń yá gágá. Lẹ́yìn náà, láìsọ tẹ́lẹ̀, omi yí padà. Bí o bá ṣí róbínẹ̀, ooru funfun ni yóò kọ́kọ́ tú jáde, omi á wá máa tẹ̀lé e pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí epo ń ta nínú agbada, iná inú ẹ̀rọ á kú pàù, á tún ràn nígbà tó bá wù ú. Omi tí èèyàn lè fi tẹ ẹ̀bà ló ń jáde. Kálukú ló sì mọ ohun tó fà á. Ìyálé mi ní ibi tuntun tí a ti ń gba gáàsì ni, pé wọ́n ń po nǹkan mọ́ ọn. Àáfà ní ojú èèyàn ni, pé àwọn tó wò ó lọ́jọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Bọ̀dá Àgbà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ojú kan ṣoṣo wo inú ẹ̀rọ, ó mi orí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná ló wà níbẹ̀ o.” Àfi bí ẹni pé a ti rò pé yìnyín ni.

Wọ́n yí bọ́tìnnì tó ń dín iná kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bọ̀dá Àgbà ní, “Ọwọ́ tó bá kàn án, Ọlọ́run ni yóò bá a sọ̀rọ̀.” Lọ́jọ́ kejì, omi tún hó. Ó ní ẹnìkan ti yí bọ́tìnnì. Téèpù náà kò kúrò lójú kan, eruku ọyẹ́ ti bà lé e lórí pàápàá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yí i, ojú rẹ̀ sì dúró sára mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà kò dá lórí iná nìkan.” Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, “Wá bá mi bi ìyàwó ẹ bóyá pátákó ló fẹ́ kọ ọ́ sí.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń wẹ̀ fún Màmá láti ìgbà náà ni pé màá kọ́kọ́ gba omi gbígbóná díẹ̀ sínú korobá, màá ti róbínẹ̀ pa, màá bu omi tútù lé e, màá sì ti ìgúnpá bọ̀ ọ́ wò kí n tó jẹ́ kí ó kan wọ́n lára. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Màmá ti jókòó sórí àpótí, mo ti fi ọṣẹ kun kànìnkànìn, mo sì ti fi lé wọn lọ́wọ́, kí n tó rí i pé aṣọ ìnura ṣì wà lórí okùn ní àgbàlá. Kò jìnnà. Mo ní, “Màmá, mo ń bọ̀.” Wọ́n ní, “Òtútù ń mú mi o, ìyàwó mi.” Nígbà tí mo padà dé, ooru ti kún balùwẹ̀ débi pé mi ò rí ojú wọn. Róbínẹ̀ wà ní ṣíṣí. Omi náà ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, Màmá sì jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ apá, wọ́n ń sọ pé, “Ó dáa báyìí. Ara mi ti ń móoru.” Awọ ẹsẹ̀ náà ti ń ká kúrò bí ìbọ̀sẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ọmọ Baulé kan tó ń di ẹsẹ̀ náà wo àwa méjèèjì, ó ní, “Ẹ̀yin Anàgó yìí, ṣé adìẹ lẹ fẹ́ tu ni?” Anàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú Faransé tó mọ́ gaara. Màmá kò gbọ́ ọ, èmi gbọ́. N kò bínú sí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ni Bọ̀dá Àgbà pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Wọ́n gbé Màmá sórí àga onítìmùtìmù, ẹsẹ̀ tí a dì wà lórí ìrọ̀rí níwájú wọn bí ẹlẹ́rìí. Bọ̀dá Àgbà kò jókòó. Ó ní, “Ta ló wà ní balùwẹ̀ pẹ̀lú Màmá?”

Mo ní, “Èmi ni, Bọ̀dá.”

“Ta ló ṣí omi?”

“Mo lọ mú aṣọ ìnura. Màmá ló ṣí i kí n tó dé.”

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí omi lé ara yín lórí?”

Màmá wo ojú rẹ̀ pẹ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ọmọ mi, n kò rántí.”

Ìyẹn ló ń wá. Ó ní, “Ẹ ti gbọ́. Ó ti sú u. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wẹ̀ fún ìyá wa. Bí nǹkan bá sú púrúǹtù, á fi ẹnu sọ ọ́, a ó sì jọ pariwo, á tán. Bó bá sú àwọn tó kàwé, wọn kì í sọ̀rọ̀. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń sọ ọ́.” Ó wá dá ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú àgbà tó máa ń parí ìjà fún àwọn ará ìlú wa, màá kúnlẹ̀, màá fi ẹnu ara mi sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí omi bó Màmá, màá sì bẹ̀bẹ̀. Bí n kò bá ṣe é, kí n kó ẹrù mi lọ sí ilé bàbá mi, kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Bàbá mi ti kú. Àwọn ọmọ mi kò tíì jáde ilé ìwé; wọ́n dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ rẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Ó ní kí n ní sùúrù. Gbogbo ìgbà tí ilé náà bá fẹ́ ṣe mí léṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sùúrù lọ̀ mí, bí ìgbà tí dọ́kítà bá fi òwú tútù nu ibi tó fẹ́ gún.

Lọ́jọ́ kejì mi ò lọ síṣẹ́. Mo dúró títí àwọn ọlọ́jà fi lọ sọ́jà, mo wá lọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró síwájú ohunkóhun tí kò bá yé wọn: kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n wò. Bọ́tìnnì iná wà ní ìsàlẹ̀ lábẹ́ téèpù. Mo ṣí róbínẹ̀ balùwẹ̀, mo sáré padà wá wo iná. Ó kéré. Kò pọ̀ rárá. Iná kékeré yẹn ló sì ń mú omi hó. A jẹ́ pé kì í ṣe iná ni kí n máa wò. Mo padà sí balùwẹ̀, mo gbé korobá sábẹ́ omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà láti fi wọn àkókò. Mo kà á, mo tún un kà, mo kà á títí ó fi sú mi, omi náà kò tíì bo ìdí korobá dáadáa. Ó ń jáde bí itọ̀ ọmọ ọwọ́. Mo wá lọ sí róbínẹ̀ ilé ìdáná, omi tútù, páìpù kan náà láti ìta. Kí n tó dé àmín, ìkòkò ti kún.

Ohun tó rújú fún gbogbo wa nìyí, ó sì rọrùn débi pé ojú ń tì mí láti ṣàlàyé rẹ̀. Inú ìkòkò la ti tọ́ gbogbo wa dàgbà. Ẹni tó bá ń bu omi gbígbóná láti inú ìkòkò mọ̀ pé bí èyí tó bù bá ti kéré tó ni omi ìwẹ̀ á ṣe tutù tó. Nítorí náà, bí omi ẹ̀rọ náà bá ti gbóná jù, kí ni kálukú wa ń ṣe? À ń dín in kù. À ń yí róbínẹ̀ kó máa jáde tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ìkòkò. Omi kò dúró nínú rẹ̀; ó ń sáré kọjá lórí iná ni. Bí omi tó ń kọjá bá pọ̀, ooru iná yẹn á pín sára rẹ̀, yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá kéré, gbogbo ooru náà á dá lé ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn lórí, yóò hó. Bí a bá ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ tó la ṣe ń mú un gbóná sí i. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, nítorí pé nígbà tí mo tilẹ̀ ṣí róbínẹ̀ náà tán pátápátá, tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló ń jáde. Nǹkan kan ń fún omi lọ́rùn láàárín ilé ìdáná àti balùwẹ̀.

Mo fi ọwọ́ tọ páìpù náà láti ilé ìdáná. Lábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i, róbínẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí a lè fi ti omi bí a bá fẹ́ tú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti yí i títí ó fi kù díẹ̀ kó pa. Wọ́n sì ti fi rọ́bà inú táyà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mọ́ páìpù, ìdì lórí ìdì, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà yí i padà. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi rọ́bà inú táyà di nǹkan ní ilé wa. Ó fi di ẹsẹ̀ àga rẹ̀, ó fi di ọwọ́ agboòrùn rẹ̀, ó fi di ẹnu àpò ìrẹsì. Mo sì rántí ọjọ́ kan, ní kété kí omi tó yí padà, tó dúró láàárín àgbàlá tó ń pariwo pé àwọn ìyàwó ilé yìí ń fi omi òun ṣòfò, pé a ń wẹ̀ bí erin.

N kò fọwọ́ kàn án. Mo nà dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi, mo lọ dáná. Ọkọ mi dé, ó bi mí bóyá mo ti ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú dáadáa. Mo ní mo ti rò ó. N kò sọ ohunkóhun fún un, nítorí mo mọ̀ pé kí oúnjẹ tó tán lẹ́nu rẹ̀, yóò ti lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rọ́bà náà á sì ti kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Onílàjà dé pẹ̀lú agbádá funfun, àáfà jókòó tì í. Gbogbo ilé pé. Bọ̀dá Àgbà tún ẹjọ́ náà rò, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní, “Bàbá, kí n tó kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dé ibi ẹ̀rọ náà. Kò jìnnà.” Bọ̀dá Àgbà ní, “Kí ni Bàbá fẹ́ lọ ṣe lọ́nà balùwẹ̀ yín?” Bàbá ti dìde. Àgbàlagbà ni, wọ́n sì fẹ́ràn àtiwo nǹkan.

Mo ní kí àáfà bá mi ṣí róbínẹ̀ balùwẹ̀. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ jáde pẹ̀lú ooru, àáfà fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní “Sùbúhánà!” Mo fi bọ́tìnnì iná han Bàbá níbi tó wà lábẹ́ téèpù. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo na ìka sí róbínẹ̀ kékeré ìsàlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi rọ́bà di ibí yìí?”

Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Àgbà ń wo òkè àjà. Ìyálé mi ló wá sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n bi léèrè iye tí wọ́n ń ta iyọ̀. “Ẹ̀yin náà kọ́, Bàbá Ilé? Lọ́jọ́ tí ẹ ní à ń wẹ̀ bí erin.”

Ìyálé mi kò fẹ́ràn mi, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbà pé ó kàn wù ú kí ó rí ìtìjú lójú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú ni. Ó rí i. Gbogbo wa rí i. Mo tú rọ́bà náà, mo yí róbínẹ̀ kékeré dé òpin. Nínú balùwẹ̀, omi bú jáde bí òjò, ooru rẹ̀ dín, ó dín, àáfà tún na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èyí tó èèyàn ṣe àlùwàlá.”

Mo fẹ́ kó yé ọ pé títí dé ìgbà yẹn, n kò ní ẹjọ́ ńlá kan pẹ̀lú Bọ̀dá Àgbà. Kò mọ̀ pé ohun tó ṣe ló mú omi gbóná. Àìmọ̀ kì í ṣe ìwà ìkà. Ká ní ó sọ pé “háà” péré. Háà kan ṣoṣo, n kò ní béèrè èkejì. Ṣùgbọ́n ó ní, “Ṣé nítorí pé n kò fẹ́ kí omi ṣòfò ni mo ṣe wá di ọ̀daràn nílé ara mi?” ó sì padà lọ jókòó ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Bàbá Onílàjà pè mí síwájú. Wọ́n ní, “Ìyàwó, o ṣeun. Orí ẹ pé. Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, kò yẹ ká fi í sílẹ̀ pẹ̀lú irú ojú yìí láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Kúnlẹ̀ fún un, ní kó má bínú, ká ṣe àdúrà, ká máa lọ.”

Mo ní, “Bàbá, kí ni mo ṣe?”

Wọ́n ní, “O ò ṣe nǹkan kan. Ìdí tó fi yẹ kó rọrùn fún ẹ nìyẹn.”

Àwọn àgbà tó kù ń mi orí, wọ́n ń ṣe “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.” Mo mọ àṣà náà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kéré ló ń bẹ̀, ì báà jẹ̀bi, ì báà jàre. Wọ́n ń pè é ní àlàáfíà. Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Nítorí tèmi. Orúnkún lásán ni.”

Mo ní, “Bó bá jẹ́ orúnkún lásán ni, ẹ lo tiyín.”

N kò sọ ọ́ sí i létí. Àáfà wúkọ́. Ìyálé mi sáré wọ ilé ìdáná lọ, mo sì gbọ́ ìkòkò tó ṣubú, tàbí ẹ̀rín ni. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ tí a dì, mo ní, “Màmá, ẹ kú ìrora.” Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn Bọ̀dá Àgbà kọjá lọ sí yàrá mi. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú, ìdúró ni mo fi ń kí i. “Ẹ káàárọ̀,” bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Wọn kò lè lé mi, nítorí ojú Bàbá Onílàjà ti rí omi. Wọn kò sì dárí jì mí. Nígbà tó kú, mo jókòó níbi àdúrà, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn pé ọmọ tó mọ ìtọ́jú ìyá ni, pé òun ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ omi gbígbóná wọ àdúgbò. Ẹnìkan tilẹ̀ ní nígbà tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, Bọ̀dá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe. Mo ń jẹ ìrẹsì mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ṣì ń wẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ìyálé mi rọ́pò mi, Màmá kọ oúnjẹ títí wọ́n fi dá mi padà. Ẹsẹ̀ náà jiná, ó di dúdú, ó ń dán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ti ń dà sínú korobá pẹ̀lú ariwo, mò ń fọ ẹ̀yìn wọn, ni Màmá sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, èmi ni mo ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Òtútù ń mú mi.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Màmá.”

“Mo rántí nígbà tó bi mí.”

“Mo mọ̀.”

“Ọmọ mi ni. Kí ni kí n ṣe?”

Mo ní, “Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín, kí n fọ abẹ́ rẹ̀.”

Àwọn èèyàn ń rò pé ọ̀rọ̀ orúnkún ló jẹ́ kí n kúrò ní ilé yẹn nígbà tí ọkọ mi kú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè dúró nílé tí wọn kò ti mọ òtítọ́. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Nínú ilé yẹn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, láti orí Bàbá Onílàjà tó ká a bí ẹní dé orí ìyá arúgbó tó gbé e pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n kàn mọ ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ láìsí ewu ni: ibi tí omi ti ń pariwo, sí etí ẹnì kan ṣoṣo tí kò nílò láti gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá sọ ọ́ fún mi, mo nu ẹsẹ̀ wọn gbẹ, mo wọ̀ wọ́n láṣọ, mo sì lọ síṣẹ́.